Ọ̀nà Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Lọ sí Massawa

Láti Asmara dé Massawa kò ju kìlómítà 115 lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rin ọ̀nà mìíràn rí tó ń yí ojú ọjọ́ padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Asmara, olú ìlú Ẹritrẹ́à, wà lórí òkè tó fi 2,300 mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju òkun. Massawa ní tirẹ̀ wà létí Òkun Pupa, níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnu ọ̀nà ilé dọ́gba. Gbogbo gíga yẹn ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀wù òtútù wà lọ́rùn gbogbo wa nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra ní ìdájí. Nígbà tí a fi máa dé Nefasit, ìkùukùu ti wà nísàlẹ̀ wa, ó bo àfonífojì pátá. Lórí òkè tó kọjú sí ìlú kékeré náà ni ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní Debre Bizen wà. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá ni wọ́n ti wà níbẹ̀, obìnrin kì í sì í débẹ̀. Ní Ghinda, a bọ́ ẹ̀wù òtútù. Lẹ́yìn Ghinda, igi ń kúrú sí i, ràkúnmí ń pọ̀ sí i, ooru sì wọlé bá wa láti ojú fèrèsé.

Ojú irin tí àwọn ará Ítálì kọ́ ń bá ọ̀nà náà rìn, ó ń wọ inú òkè, ó ń jáde. Ọdún 1911 ló dé Asmara. Nígbà ogun òmìnira, wọ́n hú irin náà, wọ́n fi ṣe òpó àti àjà yàrà tí àwọn ọmọ ogun ń gbé. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì padà wá. Wọ́n lọ kó irin náà jọ láti inú yàrà káàkiri, wọ́n sì ń tò ó padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tún dé Asmara ní 2003. Mo tètè sọ èyí nítorí pé òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ irú ènìyàn tí mo wà láàárín wọn. Ìjọba wọn kì í jẹ́ kí àlejò kúrò ní Asmara láìgba ìwé àṣẹ, mo sì ti gba tèmi. Àwọn ṣọ́jà yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, wọ́n dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀nà yìí ni ọ̀fun Asmara. Bẹ́ẹ̀ ló rí láyé àwọn Ítálì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nígbà tí ìjọba Etiópíà kó ọmọ ogun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sí ilẹ̀ náà. Ọta ìbọn wọn, epo ọkọ̀ wọn, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń jẹ, ojú omi ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń gbà wá sí èbúté Massawa, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e gun òkè. Ẹni tó bá di ọ̀fun yìí mú kò ní láti bá Asmara jà lójúkojú. Ọgbọ́n náà kò ṣòro láti rò. Ẹnikẹ́ni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ náà á rí i. Bí àwọn ajàjàgbara Ẹritrẹ́à ṣe ṣe é ní oṣù Èrèlé 1990, àti ohun tó ná wọn, ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Ìyá kan ló mú mi kiri Massawa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n sá kúrò nílé lọ bá EPLF, ẹgbẹ́ tó ja ogun òmìnira Ẹritrẹ́à dé òpin. Wọ́n wà níbi ogun Massawa. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n ṣáà máa pe àwọn ní Màmá bí ọmọ àbúrò wọn tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wa ṣe ń pè wọ́n. Bí a ṣe ń kọjá lọ́jà, wọ́n pàdé bàbá kan tí àwọn méjèèjì jọ wà ní ibùdó kan náà láyé ogun. Wọn kò bọ ara wọn lọ́wọ́. Èjìká ni wọ́n fi gbá èjìká, lẹ́ẹ̀mẹta, gbì, gbì, gbì, bí àwọn tó jagun náà ṣe máa ń kí ara wọn títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nítòsí yà fún wọn.

Kí òǹkàwé tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1990, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ítálì ló fa ààlà Ẹritrẹ́à ní 1890 tó sì sọ ọ́ di ilẹ̀ amúnisìn. Ní 1941, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ítálì lọ, àwọn náà sì jókòó síbẹ̀ títí di 1952. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pinnu ní 1950 pé kí Ẹritrẹ́à àti Etiópíà di ìjọba àpapọ̀, kí Ẹritrẹ́à sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀, àsíá tirẹ̀ àti èdè ìjọba tirẹ̀. Wọn kò bi àwọn ará ìlú bóyá wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Ọba Haile Selassie gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn: wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, wọ́n fi èdè Àmháríkì rọ́pò èdè wọn nílé ìwé, títí di oṣù Bélú 1962 tí ó pa ìjọba náà rẹ́ tó sì sọ orílẹ̀-èdè kan di ìpínlẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1961, Hamid Idris Awate àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti yìnbọn àkọ́kọ́ lórí Òkè Adal. Ọgbọ̀n ọdún ni ìró ìbọn náà fi ń dún. Haile Selassie kúrò lórí oyè ní 1974. Àwọn ológun Derg tó gbapò rẹ̀, tí Mengistu Haile Mariam di olórí wọn, mú ogun náà le ju bí ọba ti ṣe é lọ.

Ibi tí Màmá kọ́kọ́ mú mi lọ kì í ṣe ibi ìṣẹ́gun. Oko iyọ̀ ni. Salina ni wọ́n ń pè é, létí ìlú, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń darí omi òkun sí kí oòrùn fà á gbẹ kí iyọ̀ kù. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí àpáta, kò sí ohun tí ènìyàn lè farapamọ́ sí lẹ́yìn ju òjìji ara rẹ̀ lọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1977, EPLF ti gba ọ̀pọ̀ ìlú ní Ẹritrẹ́à, wọ́n sì wá kọjú sí Massawa. Wọ́n sáré gba orí iyọ̀ yìí lọ sí ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ìbọn kọjú sí wọn níwájú, ọkọ̀ ogun ń rọ̀jò àgbá lé wọn lórí láti ojú òkun, ẹsẹ̀ wọn sì ń rì nínú ẹrẹ̀ oníyọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló kú síbẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Màmá kò tíì dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n wọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí apá ibì kan lórí ilẹ̀ funfun náà, wọ́n kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ooru ń jó wa lẹ́sẹ̀ láti inú bàtà. Iyọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ wà ní òkìtì òkìtì, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ṣọ́bìrì kó o sínú àpò.

Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti borí ní 1990. Ohun tí mo rí tó jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀ ni bí àwọn tó ṣẹ́ kù ṣe lo ọdún méjìlá tó tẹ̀ lé e. Ohun ìjà ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń ya wọ Etiópíà nígbà náà, ó pọ̀ ju ohun tí EPLF lè dúró dè lọ. Ní 1978, wọ́n fi àwọn ìlú tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, wọ́n padà sí òkè Sahel, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí Nakfa ká. Mengistu gbé ìkọlù lé ìkọlù dìde sí wọn níbẹ̀. Nígbà èyí tó pè ní Ìràwọ̀ Pupa, ní 1982, òun fúnra rẹ̀ wá sí Asmara láti darí rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ogun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Nakfa kò ṣubú. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ owó wọn lẹ́yìn òmìnira.

Màmá lo ọdún wọn ní Sahel nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ sábẹ́ ilẹ̀ àti ìdí àpáta ní àfonífojì Orotta, kí ọkọ̀ òfurufú má bàa rí i. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣe oògùn fúnra wọn, wọ́n ń ṣe aṣọ àlà nǹkan oṣù fún àwọn obìnrin, wọ́n ń rọ bàtà oníke tí gbogbo jagunjagun wọn ń wọ̀. Bàtà náà ni wọ́n gbẹ́ lére ńlá sí gbàgede kan ní Asmara lónìí. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó jagun náà ni obìnrin, kì í sì í ṣe ìdáná nìkan ni wọ́n ń ṣe. Màmá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ ìbọn, wọ́n kọ́ ìwé kíkà, nínú àfonífojì kan náà.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1988, yàrà náà ṣí. Afabet ni ibùdó ńlá tí Etiópíà fi dojú kọ Nakfa. Oṣù kan ṣáájú, Mengistu ti pa ọ̀gágun tó mọ ojú ogun náà jù lọ, Tariku Ayne, ó ní kò jà tó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láti ọjọ́ 17 oṣù náà, EPLF fọ́ ibùdó náà túútúú. Àwọn táńkì àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sá bọ̀ há sínú ọ̀nà tóóró láàárín òkè méjì. Dípò kí Etiópíà fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀tá, ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀ ló wá ju bọ́ǹbù lé wọn lórí. Òpìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Basil Davidson, fi ìṣẹ́gun náà wé ti àwọn ará Vietnam ní Dien Bien Phu. Èyí tó kan Massawa níbẹ̀ ni pé àgbá ńlá àti táńkì tí EPLF kó ní Afabet ni wọ́n fi kọ́ irú ogun mìíràn. Kí ó tó di 1990, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn díẹ̀ lórí Òkè Adal ti ní àgbá, ó ti ní táńkì, ó sì ti ní ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó ń sáré bí ẹja.

Fenkil ni wọ́n pe ìkọlù náà. Ní ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Èrèlé 1990, wọ́n já bọ́ láti apá àríwá sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Semhar, ilẹ̀ gbígbẹ tí bọ́ọ̀sì wa là kọjá. Wọn kò tún kọjú sí oko iyọ̀ bíi ti 1977. Ọ̀nà Asmara ni wọ́n kọ́kọ́ gé, ní àgbègbè Gahtelay, kí ìrànlọ́wọ́ má bàa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọlu ìlú láti ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sì jáde láti kọlu ọkọ̀ ogun Etiópíà lójú òkun. Ilẹ̀, ọ̀nà, omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti í pa. Màmá wà nínú àwọn tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà. Wọ́n sọ fún mi pé ohun tó ya àwọn lẹ́nu ni ìyára rẹ̀: àwọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá láti ṣọ́ yàrà kan náà rí ara wọn nínú ìlú, wọ́n rí òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ní ọjọ́ kẹta, apá ìlú tó wà lórí ilẹ̀ gidi ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Massawa gan-an kò sí lórí ilẹ̀ gidi. Erékùṣù méjì ni: Taulud, níbi tí ààfin àti ilé ìjọba wà, àti Batsi, ìlú àtijọ́ tí èbúté wà. Ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi òkúta kún omi kọ́ ló so Taulud mọ́ ilẹ̀, gígùn rẹ̀ á tó kìlómítà kan, omi lápá ọ̀tún, omi lápá òsì. Òmíràn tó kúrú so Taulud mọ́ Batsi. Àwọn ọmọ ogun Etiópíà tó ṣẹ́ kù kóra jọ sórí àwọn erékùṣù yìí. EPLF ní kí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀. Ọ̀gágun Teshome Tessema, tó ń darí wọn, kọ̀. Inú ìlú náà sì kún fún àwọn ará ìlú tí kò rí ibi sá sí.

Mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tóóró tó lọ sí Taulud náà. Kò sí ibòòji lójú ọ̀nà náà, afẹ́fẹ́ òkun gbóná, ọmọdé méjì gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń rìn, mo ń wá ibi tí èmi ì bá dọ̀bálẹ̀ sí bí ìbọn bá dún. Kò sí. Ojú ibi tóóró yìí ni àwọn táńkì EPLF gbà nígbà ìkọlù ìkẹyìn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ilẹ̀ ìlú ti bọ́, pẹ̀lú àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Èyí tó ṣíwájú kò dé òdìkejì. Àwọn tó tẹ̀ lé e dé. Ní òpin ọ̀nà náà ni wọ́n gbé táńkì mẹ́ta kalẹ̀ fún ìrántí, lórí òkúta dídán. Màmá kò wo àwọn táńkì náà púpọ̀. Eteetí omi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni àwọn, àwọn sì mọ ibi tí ọkọ̀ọ̀kan àwọn tí àwọn gbé ti ṣubú. Teshome Tessema kú sórí Taulud. Ogun Massawa parí kí oṣù náà tó tán.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi sùúrù sọ ni ti àwọn ọmọ ogun Etiópíà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ẹni tó yan iṣẹ́ ológun. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, tí ìjọba mú lójà àti lóko, tí wọ́n kọ́ ní ìbọn fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n wá gbé sí ìlú olóoru kan tí wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Fenkil, àwọn ọ̀gágun wọn fúnra wọn ti dìtẹ̀ sí Mengistu. Ìdìtẹ̀ náà já sí asán, Mengistu sì pa àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lára wọn. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí tí yóò fi kú fún Massawa, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú síbẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn wẹ ọgbẹ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú bí àwọn ṣe ń wẹ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn, ọ̀kan nínú wọn sì ń pe ìyá rẹ̀ lóru mọ́jú.

Mengistu kò gbà pé Massawa ti lọ. Ó rán ọkọ̀ òfurufú. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni bọ́ǹbù fi ń rọ̀ lu ìlú náà, àti nápáàmù tó ń jó ara, àti bọ́ǹbù tó ń tú sí wẹ́wẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Àwọn ará ìlú ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀dá mú ní Ẹritrẹ́à lọ́dún yẹn, ọkà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fi ṣe ìrànwọ́ wà ní ilé ìkẹ́rù èbúté. Bọ́ǹbù bà á, ó sì jó. Bàbá kan tó ń ta ẹja ní Batsi sọ fún mi pé òórùn àlìkámà tó ń jó kò kúrò nímú òun fún ọjọ́ púpọ̀, pé òórùn búrẹ́dì ni, bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa àwọn. Èbúté náà wà ní títì títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1991, kí wọ́n tó gbà kí ọkọ̀ oúnjẹ wọlé.

Ẹni tó bá dé Batsi lónìí yóò ṣì rí àpá bọ́ǹbù náà níbẹ̀. Òkúta iyùn tí wọ́n gé láti inú òkun ni wọ́n fi kọ́ ilé ìlú àtijọ́ náà láti ayé ìjọba àwọn Tọ́kì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1557. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ògiri, yóò rí ojú ihò wẹ́wẹ́ bí iyùn ṣe ń hù. Wọ́n gbẹ́ ọnà sára fèrèsé onígi kí afẹ́fẹ́ lè wọlé láìjẹ́ kí ará ìta rí obìnrin ilé. Mọ́sálásí Sheikh Hanafi ti wà níbẹ̀ ṣáájú àwọn Tọ́kì pàápàá. Ṣùgbọ́n láàárín ilé méjì tó dúró, ọ̀kan á ti wó. Ilé ìfowópamọ́ Ítálì tó kọjú sí omi kò ní òrùlé, ọta ìbọn sì ti lu ògiri rẹ̀ ní ihò yíká. Lórí Taulud, òrùlé róbótó ààfin tí Haile Selassie máa ń wá lò nígbà òtútù ti ya, ọ̀run hàn nínú rẹ̀. Àwọn kan sọ fún mi pé wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìrántí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìlú tó ti san irú owó orí bẹ́ẹ̀ yẹ fún òrùlé. Ìrántí kò nílò kí àwọn ọmọ máa sùn ní ìta, bí mo ṣe rí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì onípákó lójú títì nítorí pé inú ilé kò ṣeé gbé.

A jẹ ẹja ní alẹ́ ọjọ́ náà bí àwọn ará Yemen ṣe ń sè é: wọ́n la ẹja láti ẹ̀yìn, wọ́n pa á láta, wọ́n fi lẹ ara ààrò amọ̀ tó ń jó, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú àkàrà pẹlẹbẹ. Ibi oúnjẹ yẹn ni Màmá ti béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa Ẹritrẹ́à nílé ìwé ní Nàìjíríà. Mo sọ òtítọ́: kò sí. Adwa ni wọ́n kọ́ wa, bí Etiópíà ṣe ṣẹ́gun Ítálì ní 1896, tí inú gbogbo adúláwọ̀ fi dùn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọmọ Ẹritrẹ́à wà ní Adwa, àwọn tí Ítálì mú lọ jagun fún un, pé nígbà tí Etiópíà mú wọn, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì wọn. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìtàn. Inú ayọ̀ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ wọn fún mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ipa tiwa nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Addis Ababa ní oṣù Èbìbí 1963 láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, Tafawa Balewa wà níbẹ̀ fún Nàìjíríà, Haile Selassie sì ni baálé. Kò tíì pé oṣù méje tí baálé náà pa ìjọba Ẹritrẹ́à rẹ́. Kò sí ẹni tó bi í. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Cairo, Àjọ náà pinnu pé ààlà tí amúnisìn fi sílẹ̀ ni kí gbogbo orílẹ̀-èdè dì mú. Bí a bá fi òfin yẹn wọn Ẹritrẹ́à, tó ní ààlà tirẹ̀ láti 1890, ó yẹ kó jẹ́ orílẹ̀-èdè. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n lo òfin náà láti pa á lẹ́nu mọ́. Ní 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé wa bẹ́ sílẹ̀, Haile Selassie yìí kan náà ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tí Àjọ náà gbé kalẹ̀ lórí Nàìjíríà, tó dúró ti ìṣọ̀kan wa. Ìjọba wa jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọ́n sì fi ìdákẹ́jẹ́ san án. Ọ̀ràn Biafra àti ti Ẹritrẹ́à kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin, èmi kò sì pa wọ́n pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè gbà gbọ́ ẹjọ́ láìyọ ìbọn, Áfíríkà sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí Isaias Afwerki, tó darí EPLF tó sì di ààrẹ, kọ́kọ́ jókòó láàárín àwọn olórí náà ní Cairo ní 1993, ìbáwí ló fi kí wọn. Mo rò pé wọ́n jẹ̀bi rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà, bọ́ọ̀sì dúró ní Ghinda, a mu tíì. Àwọn òkè tó yí ìlú náà ká ni ogun dúró sí lẹ́yìn Massawa. EPLF lé àwọn ọmọ ogun Etiópíà dé ìsàlẹ̀ òkè, wọn kò sì lè gòkè. Àwọn tó wà lókè kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú nìkan ló ń gbé oúnjẹ àti ọta wọ Asmara. Kì í ṣe àwọn ọmọ ogun nìkan ni ọ̀fun náà fún pa: àwọn ará Asmara, tí ọmọ wọn wà nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ìbọn, àwọn náà ni wọ́n ń tò fún búrẹ́dì nínú ìlú. Ní oṣù Èbìbí 1991, EPLF fọ́ ìlà ogun tó wà ní Dekemhare, níhà gúúsù, Mengistu sá lọ sí Zimbabwe ní ọjọ́ 21, wọ́n sì wọ Asmara ní ọjọ́ 24. Ní oṣù Igbe 1993, àwọn ará ìlú dìbò. Ó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní òmìnira làwọn fẹ́. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní 1950 nìyẹn. Àwọn tó jagun tí wọ́n kú kí wọ́n tó lè dáhùn rẹ̀ tó nǹkan bí 65,000.

Wọ́n kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní 1997. Wọn kò tíì lò ó. Kò tíì sí ìbò láti yan ààrẹ láti ìgbà òmìnira. Lẹ́yìn tí wọ́n tún bá Etiópíà jà láti 1998 sí 2000, iṣẹ́ ìsìnlú tó yẹ kó jẹ́ oṣù méjìdínlógún di ohun tí kò lópin fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì ti gba Sudan àti Líbíyà lọ sí ojú òkun mìíràn, ibẹ̀ sì ni òkun ti gbé púpọ̀ nínú wọn. Ó dùn mí láti kọ èyí lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo rí lórí ọ̀nà tóóró yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi í sílẹ̀, mo ti ṣe sí àwọn ọmọ bí ayé ṣe ṣe sí àwọn ìyá wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì mí láti Ghinda, ó wọ aṣọ ìsìnlú, ó ń padà sí ibùdó rẹ̀. Ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó bi mí léèrè ibi tí mo ti ń bọ̀, mo ní Massawa ni, mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ja Fenkil. Ó ní ìyá òun jà níbẹ̀. Mo retí kó sọ síwájú, kò sọ. Nígbà tí ọkọ̀ ti ń gun òkè tí gbogbo wa tún wọ ẹ̀wù òtútù, ó béèrè iye tí wọ́n ń san ní Èkó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti bóyá wọ́n ń gba àjèjì síṣẹ́. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, títí kan owó ilé àti sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀, ó sì ń bi mí lọ títí a fi dé Asmara.